Ẹ Wá Bá Wa Gbé: Ìkéde Àwa Ará Ìkòsì

Ìkòsì, Kétu, Àlàpẹ́rẹ̀, Àgbóyì àti gbogbo àdúgbò tó yí ọjà Máìlì 12 ká ni àwa tí a fọwọ́ sí ìkéde yìí ń gbé. Olówò tòmátò wà nínú wa, alábàárù wà nínú wa. Nọ́ọ̀sì, agbẹ̀bí, awakọ̀, olùkọ́, oníkẹ́mísì, àti àwọn ọmọ wa tó ń kàwé ní yunifásítì. A kì í ṣe ẹ̀ka ẹgbẹ́ òṣèlú kankan. A kò tíì sọ ẹgbẹ́ wa lórúkọ, nítorí a fẹ́ kí àwọn tí yóò dara pọ̀ mọ́ wa bá wa sọ ọ́. Ohun tó kó wa jọ kò ju èyí lọ: àìsàn tí a lè dènà ń pa àwọn ènìyàn wa, ìmọ̀ tí a lè fi dènà rẹ̀ wà nítòsí wa, àmọ́ àwọn méjèèjì kò tíì pàdé. Ìdí-Àràbà, níbi tí Yunifásítì Èkó ti ń kọ́ dókítà láti 1962, kò jìnnà sí wa. Ìkẹjà, níbi tí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ti ń kọ́ tirẹ̀, sún mọ́ wa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ló dé tí ọ̀nà tó wà láàárín wa fi gùn tó báyìí?

A gbàgbọ́ pé inú yàrá dókítà kọ́ ni ìlera ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó ń bẹ̀rẹ̀ nínú omi tí a bù mu láàárọ̀, nínú gọ́tà iwájú ilé, nínú oúnjẹ tó dé inú abọ́ ọmọ àti èyí tí kò dé ibẹ̀, nínú iye wákàtí tí alábàárù fi wà lábẹ́ ẹrù kó tó rí ibi jókòó sí.

A gbàgbọ́ pé ẹni tí àìsàn ń bá fínra mọ ohun kan nípa rẹ̀ tí ìwé kò tíì kọ. Ìyá tó ń tọ́mọ nínú yàrá kan ṣoṣo létí odò mọ oṣù tí ìgbẹ́ gbuuru máa ń wọlé, ó sì ní kànga tó fura sí. Olùwádìí mọ orúkọ kòkòrò tó wà nínú omi kànga náà, ó mọ ohun tó ń pa á. Ìmọ̀ ìyá yẹn kò pé láìsí ti olùwádìí; ti olùwádìí náà kò pé láìsí ti ìyá yẹn.

A gbàgbọ́ pé ẹ̀jẹ̀ tí a fà lára ènìyàn, ìwọ̀n tí a wọ̀n ọ́n, àti ìdáhùn tó ti ẹnu rẹ̀ jáde, tirẹ̀ ni wọ́n kí wọ́n tó di ti ẹnikẹ́ni mìíràn. Bí a bá kó wọn lọ, èsì gbọ́dọ̀ padà wá bá a, ní èdè tó gbọ́.

A gbàgbọ́ pé iyì wà lára ẹni tó ń gbé inú yàrá kan bó ti wà lára ẹni tó ni ilé alájà mẹ́ta. Ẹni tó bá fẹ́ wádìí wa, kó kí wa kó tó bi wá ní ìbéèrè. Kó sọ ohun tó ń wá. Kó fún wa láyè láti kọ̀.

A gbàgbọ́ pé owó ará ìlú ni a fi kọ́ àwọn yunifásítì ìjọba, pé owó tí ìyá aláta san fún ìjọba wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, iye ìwé tí ọ̀jọ̀gbọ́n tẹ̀ jáde nìkan kò tó láti fi dá a lọ́lá. Ó yẹ kí a tún bi í pé: ọmọ mélòó ló wà láàyè nítorí ohun tí o kọ?

A gbàgbọ́ pé ohun tí à ń bèèrè kì í ṣe àlá, torí wọ́n ti ṣe é nílẹ̀ Yorùbá kí púpọ̀ nínú wa tó dáyé.

Ní ìparí àwọn ọdún 1950, dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, David Morley, tó ń bá ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà ṣiṣẹ́, rí bí àwọn ọmọdé ṣe ń kú ní Ìmẹ̀sí-Ilé kí wọ́n tó pé ọdún márùn-ún. Ó ṣe káàdì kan tí a ó máa fi ìlà tọ́ka ìwọ̀n ọmọ lórí rẹ̀ lóṣooṣù, ó sì fi káàdì náà sọ́wọ́ ìyá. Kò tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn. Ìyá ló ń gbé e lọ tó ń gbé e bọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ń rí i bí ìlà bá bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Irú káàdì bẹ́ẹ̀ tàn dé ibi gbogbo láyé, ìlú kékeré ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ló sì ti gbéra.

Ní 1963, Yunifásítì Ìbàdàn dá ètò ìlera Ìbàràpá sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn a kó ẹrù rẹ̀, a lọ gbé Igbó-Ọrà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, a wọ ilé dé ilé, a mọ ibi tí ìdílé ti ń pọn omi àti ibi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí. Ìran dókítà lórí ìran dókítà ló ti gba ibẹ̀ kọjá. Ohun tó wú wa lórí jù lọ níbẹ̀ ni pé yunifásítì náà kò ṣe é ní ẹ̀ẹ̀kan kó ká ẹní rẹ̀ kúrò. Ó dúró.

Ìdèrè ló yẹ kí a pẹ́ lórí rẹ̀. Ìbàràpá náà ni ìlú yìí wà, sobìà sì fi ojú àwọn ará ibẹ̀ rí màbo. Omi adágún ni ọ̀pọ̀ ń mu. Kòkòrò inú omi náà a wọ ara, ọdún a fẹ́rẹ̀ẹ́ yí po, aràn a wá gba ẹsẹ̀ jáde, àgbẹ̀ a dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀, oko rẹ̀ a di igbó. Nígbà tí àwọn olùwádìí Yunifásítì Ìbàdàn, tí William Brieger wà lára wọn, bá ará ìlú sọ̀rọ̀, wọ́n gbọ́ pé ọ̀pọ̀ ló gbà pé sobìà wà nínú ara olúkúlùkù. Wọn kò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n jókòó, wọ́n gbọ́ àgbọ́yé, wọ́n bá wọn wá ọ̀nà. Wọ́n kọ́ àwọn ọmọ ìlú tó yọ̀ǹda ara wọn ní iṣẹ́ ìlera. Télọ̀ ìlú ló rán aṣọ asẹ́ tí a fi ń sẹ́ omi, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ọmọ ìlú ló ń tà á fún aládùúgbò wọn, wọ́n sì ń fi bí a ṣe ń lò ó hàn wọ́n. Àwọn bàbá wa wí pé kí sobìà tó degbò, Olúgànbe là á ké sí. Ní Ìdèrè, ìlú àti yunifásítì ló jọ ké.

Ìwádìí àkọ́kọ́ tí a ṣe kárí Nàìjíríà, ní 1988 sí 1989, rí ènìyàn tó lé ní 650,000 tí sobìà ń bá jà. Ní 2008 ni a rí ẹni ìkẹyìn. Ní 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé àrùn náà ti kúrò nílẹ̀ wa. Ìdèrè nìkan kọ́ ló lé e lọ, ọ̀pọ̀ ọwọ́ ló wà nínú iṣẹ́ náà jákèjádò orílẹ̀-èdè. Àmọ́ ẹ rò ó wò: sobìà kò ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, kò sì ní oògùn tó ń wò ó. Omi tí a sẹ́ àti ìṣe tí a yí padà, ilé kan lẹ́yìn òmíràn, ló ṣẹ́gun rẹ̀. Dókítà tó jókòó sí ọ́fíìsì kò lè dá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe láéláé.

Ní Èkó tiwa níbí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kuti ti Yunifásítì Èkó jáde kúrò nínú ọgbà ilé ìwòsàn ńlá lọ sáàárín àwọn ìdílé ní Gbájà, ní Sùúrùlérè. Nígbà tó di Mínísítà fún ìlera ní 1985, ó kó ohun tó kọ́ níbẹ̀ dání, ìlànà ìlera orílẹ̀-èdè tó jáde ní 1988 sì gbé ìtọ́jú alábọ́dé, èyí tó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà ará ìlú, ṣíwájú.

Ọgbọ́n yìí kúrò ní Áfíríkà dé òkèèrè pàápàá. Nígbà tí Jack Geiger ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, ó lọ wo iṣẹ́ tí Sidney àti Emily Kark bẹ̀rẹ̀ ní Pholela, ní Gúúsù Áfíríkà, láti 1940. Ó padà sí Amẹ́ríkà. Ní àwọn ọdún 1960, òun àti Yunifásítì Tufts dá ilé ìlera sílẹ̀ ní Mound Bayou, ní Mississippi, ìlú tí àwọn aláwọ̀ dúdú tó bọ́ lóko ẹrú tẹ̀ dó. Nígbà tí wọ́n rí i pé ebi ló ń pa àwọn ọmọ tí wọ́n gbé wá, wọ́n kọ oúnjẹ sórí ìwé oògùn, wọ́n fi owó oògùn san án. Àwọn ará ìlú sì dá oko àjùmọ̀ni sílẹ̀ kí oúnjẹ má bàa tán.

Ẹ jẹ́ kí ará Máìlì 12 ro ìyẹn wò, kí ó sì sọ fún wa bóyá inú rẹ̀ kò bàjẹ́.

Ní òru ni ọkọ̀ tòmátò ń ti òkè Ọya dé. Ata, àlùbọ́sà, iṣu, ọ̀pọ̀ nínú oúnjẹ tí Èkó ń jẹ ló ń gba ọwọ́ wa kọjá. Èyí tó bá bàjẹ́ a di òkìtì lẹ́bàá ọ̀nà, omi rẹ̀ a ṣàn wọ gọ́tà, eṣinṣin a bò ó. Ní ojúlé kejì sí òkìtì náà, ọmọ kan wà tí ìrẹsì funfun nìkan ni oúnjẹ rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Ìyá rẹ̀ ń ṣa tòmátò sínú apẹ̀rẹ̀ fún olówó láti ìdájí. Ọjà tó ń bọ́ ìlú ńlá kò bọ́ ọmọ tó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tòmátò tí a lè sá gbẹ, ata tí a lè lọ̀ pa mọ́, ń jẹrà lójú wa, nígbà tí ìmọ̀ bí a ṣe ń tọ́jú oúnjẹ wà nínú ìwé ní ilé ẹ̀kọ́ gíga. A kò tíì rí èyí tó bá wa jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí títí a fi yanjú rẹ̀.

Omi ni ẹ̀dùn wa kejì. Nígbà tí odò Ògùn kún àkúnya ní oṣù kẹwàá 2010, tí omi láti ìdídò Ọ̀yán sì kún un, Àjẹ́gúnlẹ̀ lójú ọ̀nà Ìkòròdú rì. Ọkọ̀ ojú omi ni àwọn ènìyàn fi ń wọ àdúgbò wọn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni omi ti padà wá láti ìgbà náà. Kì í wá lásán: ó ń ti inú ṣáláńgá gba inú kànga. Ní oṣù kẹfà 2024, nígbà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kéde pé onígbáméjì ti wọ ìlú, Kòsọ́fẹ́, ìjọba ìbílẹ̀ tiwa, wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ. Láti 1854 ni John Snow ti fi hàn ní Lọ́ńdọ̀nù pé omi ni onígbáméjì ń gbà wọlé. Ohun tí ayé ti mọ̀ láti ìgbà náà ṣì ń pa ọmọ wa.

Èéfín ńkọ́? Ààtàn Olúsosùn ní Ọ̀jọ́ta gbiná ní oṣù kẹta 2018, èéfín bo àdúgbò. Ẹ̀jẹ̀ ríru tún wà láàárín àwọn awakọ̀ wa àti ìyá ọlọ́jà tí wọn kò mọ̀ pé ó wà lára wọn, títí ẹnìkan á fi ṣubú lulẹ̀ lójú ọjà, tí wọ́n á ní ayé ló ṣe é.

Ẹ̀dùn tó dùn wá jù lọ ni ti àwọn tó wá, tí wọ́n sì lọ. Wọ́n dé pẹ̀lú ìwé ìbéèrè àti síríńjì. Wọ́n kan ilẹ̀kùn wa, wọ́n béèrè iye ọmọ tó ti kú mọ́ ìyá lọ́wọ́, ó sunkún, wọ́n kọ nọ́ńbà kan sílẹ̀, wọ́n fún un ní ọṣẹ kan, wọ́n lọ. Ìwé tí wọ́n kọ pè wá ní agbègbè kan nílùú Èkó. Ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì níbi tí a ti ń san owó dọ́là kí a tó kà á. A kò dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ kankan níbí, torí àṣà ni a ń bá jà. Bí ẹ bá kan ilẹ̀kùn lónìí, tí obìnrin kan kọ̀ láti ṣí i, ohun tó ti rí ló mú un ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Kano pẹ̀lú kò tíì gbàgbé 1996, nígbà tí ilé iṣẹ́ Pfizer dán oògùn Trovan wò lára àwọn ọmọdé tí àrùn yírunyírun ń bá jà. Nígbà tí ìgbẹ́kẹ̀lé bá ti bàjẹ́ báyẹn, abẹ́rẹ́ tó dára pàápàá á di ohun tí a ń sá fún.

Ìjọba ńkọ́? Ní oṣù kẹrin 2001, Àbújá tiwa gan-an ni àwọn olórí Áfíríkà ti ṣèlérí pé ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún owó ìṣúná wọn yóò máa lọ sí ìlera. Nàìjíríà tó gbà wọ́n lálejò kò tíì mú ìlérí náà ṣẹ ní ọdún kan ṣoṣo. Àwọn dókítà tí a kọ́ ń fò lọ sókè òkun. Ètò tó ní kí yunifásítì jókòó sí ìhín, kí ìjọba jókòó sí ọ̀hún, kí aláìsàn máa sáré láàárín wọn pẹ̀lú owó tí kò ní, ti kùnà. A kò ní í dúró kó tún ara rẹ̀ ṣe.

Nítorí náà, a pinnu.

A ó dá ìgbìmọ̀ àdúgbò sílẹ̀ tí ìyálọ́jà, bàbálọ́jà, baálẹ̀, ìmáàmù, pásítọ̀, agbẹ̀bí, aṣojú àwọn alábàárù àti ọ̀dọ́ yóò wà nínú rẹ̀, tí ìdajì wọn ó kéré tán yóò jẹ́ obìnrin. Kò sí ìwádìí kankan tí yóò wọ Ìkòsì láìjẹ́ pé ìgbìmọ̀ yìí ti gbọ́ ohun tó wà fún. Nàìjíríà ti ní ìlànà nípa ìwádìí lórí ìlera ènìyàn láti 2007, yunifásítì kọ̀ọ̀kan sì ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀ tó ń fọwọ́ sí ìwádìí. A bọ̀wọ̀ fún ìyẹn. Àmọ́ ìwé àṣẹ tí wọ́n fọwọ́ sí ní ibòmíràn kò lè dípò ẹnu wa.

A ó bá yunifásítì tó bá gbà bẹ́ẹ̀ ṣe àdéhùn ọdún mẹ́wàá, kó má jẹ́ ti oṣù mẹ́fà tí owó àwọn olóore òkèèrè máa ń ká. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, nọ́ọ̀sì, onímọ̀ omi, onímọ̀ oúnjẹ àti agbẹjọ́rò máa wá gbé àárín wa lọ́dọọdún, bí wọ́n ti ń gbé Igbó-Ọrà. A ó wá yàrá fún wọn. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún yìí fi ìdílé tó ń tọ́jú lé ti ọdún tó ń bọ̀ lọ́wọ́.

Omi la ó kọ́kọ́ dojú kọ. Gbogbo kànga àti bọ́họ́ọ̀lù tí ará àdúgbò ń mu ni a ó yẹ̀ wò kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tí omi bá fà. Àwọn ọ̀dọ́ wa ni a ó kọ́ ní iṣẹ́ náà, a ó sì sanwó fún wọn. Èyí tó mọ́, a ó kùn ún ní funfun. Èyí tó léwu, a ó kùn ún ní pupa, gbogbo ènìyàn á sì rí i láìka ìwé. A mọ̀ pé inú àwọn onílé kan kò ní í dùn. A ó bá wọn sọ̀rọ̀, a ó ràn wọ́n lọ́wọ́ láti tún kànga wọn ṣe, ṣùgbọ́n a kò ní í fi ọ̀dà funfun bo òótọ́.

A ó máa wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ní gáréèjì, ní ìpàdé ọjà, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ àti lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú. Ẹni tí a bá wọ̀n yóò gba káàdì tirẹ̀, bí Morley ti fi káàdì sọ́wọ́ àwọn ìyá ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Àwọn oníkẹ́mísì, àwọn alágbo àti àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ń tọ̀ lọ kí wọ́n tó rí dókítà, kò ní í wà lẹ́yìn òde. A ó kọ́ wọn ní àmì ewu, wọ́n á kọ́ wa ní ohun tí wọ́n ń rí lójoojúmọ́.

Ní ọjà, a fẹ́ kí onímọ̀ oúnjẹ bá wa kọ́ ibi ìsá-tòmátò àti ibi ìlọ-ata, kí apá kan nínú ohun tó ń bàjẹ́ di oúnjẹ àwọn ọmọ ilé ìwé Ìkòsì. Ní ti owó ìjọba, Òfin Ìlera ti 2014 ya ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú alábọ́dé. A ó máa bèèrè, ní gbangba, ibi tí èyí tó kan wọ́ọ̀dù wa dé. A ó sì máa kọ orúkọ àwọn ìdílé sínú Ìlera Èkó, ètò adójútòfò ìlera ti ìpínlẹ̀ wa, ojúlé lẹ́yìn ojúlé.

Èsì ìwádìí gbogbo yóò kọ́kọ́ di kíkà níwájú wa, ní Yorùbá, ní Hausa àti ní pijin, kó tó jáde nínú ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé. Ará Ìkòsì tó bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kí orúkọ rẹ̀ wà lára àwọn tó kọ ọ́.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ wá. Ẹ̀yin alábàárù tí ẹ̀yìn ń dùn, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ẹ̀yin ọmọ Ìkòsì tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Houston tí ẹ mọ iṣẹ́ yìí dunjú, ẹ wá. Ẹni tí kò mọ̀wé wúlò fún wa: ó mọ ilé tí àìsàn wà. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má dúró de àṣẹ ọ̀gá yín kí ẹ tó wá kí wa.

Ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n, a ń retí yín pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ́kọ́ fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́. Ẹ wá fúnra yín ní ìdájí, nígbà tí ọkọ̀ ń já ẹrù, kí ẹ gbọ́ ìbéèrè tiwa. Àkọ́kọ́ nínú wọn nìyí: nígbà tí odò Ògùn bá tún kún ní oṣù kẹwàá, èwo nínú àwọn kànga Ìkòsì ni ọmọ wa lè mu omi rẹ̀?